Check bá ara mu, RL ò bá ara mu: ibo ni 0.104 gbà wọlé?

Ìbéèrè tí àbúrò wa kan fi ránṣẹ́ rèé, mo gé e kúrú díẹ̀ (levelling ni wíwọn bí ilẹ̀ ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wo ọ̀pá onínọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní staff; BM ni benchmark, ibi tí wọ́n ti mọ gíga ẹ̀; RL ni reduced level, gíga ibì kan; reduce ni kó o ṣírò RL látinú ohun tó o kà):

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe levelling, a bẹ̀rẹ̀ lórí BM1 tí wọ́n fún wa ní 100.000, ẹ̀ẹ̀mẹrin la gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, a sì padà sórí BM1 kan náà. Nígbà tí mo reduce ẹ̀, RL tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ 99.896. Mo ṣe gbogbo check, ó bá ara mu pátápátá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ká pín 0.104 yẹn sórí gbogbo point kó lè dọ́gba, ẹlòmíì ní benchmark ló ti rì. Mo fi ojú ìwé fieldbook wa ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ká ṣe? Ṣé rise and fall tí mo lò ló bà á jẹ́, abí height of collimation ló yẹ kí n lò?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì ṣeun tó o fi ojú ìwé yẹn ránṣẹ́, torí ká ní ìbéèrè nìkan lo kọ ni, ńṣe ni mi ò bá kàn máa méfò. Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ká mi lára jù: ẹ má pín 0.104 yẹn o, ẹ má pín in rárá. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá àti mìlímítà mẹ́rin kì í ṣe àṣìṣe kéékèèké tó máa ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan ló ṣi nọ́ńbà kan kà tàbí tó ṣì í kọ, níbì kan ṣoṣo. Tó o bá wá pín in sórí gbogbo point, àṣìṣe ibì kan lo fi ba gbogbo ibi tó dáa jẹ́ yẹn, ìwé á dọ́gba lójú, ilẹ̀ ò ní dọ́gba. Benchmark náà ò sì rì. Orí BM1 lẹ ti gbéra, orí BM1 kan náà lẹ padà sí, kódà ká ní 100.000 tí wọ́n fún yín yẹn ò tọ̀nà rárá, ibi tẹ́ ẹ ti kúrò náà lẹ padà dé, nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ bá níbẹ̀ ni nǹkan tẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Rise and fall náà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, tó o bá fi height of collimation ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, 99.896 yìí náà lo máa bá.

Àṣìṣe yẹn wà nínú ìwé yín, mo ti rí i, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì kọ ẹ̀rí ẹ̀ sílẹ̀ láìfura. Àmọ́ mi ò ní kàn dárúkọ ẹ̀ kí n máa lọ, torí o máa tún bá irú ẹ̀ pàdé lọ́jọ́ míì, ó sì dáa kó o mọ bí wọ́n ṣe ń wá a.

Ohun tẹ́ ẹ kọ rèé, kí àwọn tó ń kà á lè máa bá wa bọ̀. BS ni backsight, èyí tó o kọ́kọ́ kà tó o bá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, lórí ibi tó o ti mọ gíga ẹ̀. FS ni foresight, èyí tó o kà kẹ́yìn kó o tó ká ẹ̀rọ. IS ni intermediate, gbogbo èyí tó bá wà láàárín. CP ni change point, ibi tí staff dúró sí tí ò kúrò títí ẹ̀rọ fi ṣí lọ síwájú.

BM1: BS 1.425
A: IS 1.870
B: IS 0.965
CP1: FS 1.210, BS 1.685
C: IS 2.340
CP2: FS 0.735, BS 0.890
D: IS 1.415
CP3: FS 2.265, BS 1.130
BM1: FS 1.024

Ó wù mí bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, FS àti BS change point kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà kan náà, torí ibì kan náà ni, staff ò kúrò níbẹ̀, ẹ̀rọ ló kúrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ló máa ń fún wọn ní ìlà méjì, nígbà tó bá wá di ìṣirò, wọ́n á yọ BS kúrò lára FS bíi pé ilẹ̀ ló gòkè tàbí tó lọ sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò rìn kúrò.

Ó dáa, check tó o ṣe yẹn, kí ló ń yẹ̀ wò gan-an? O ro gbogbo BS pọ̀, ó jẹ́ 5.130. O ro FS pọ̀, 5.234. O yọ ọ́ kúrò, ó ku −0.104. O ro rise, ìyẹn iye tí ilẹ̀ fi gòkè, pọ̀, 2.616, o ro fall, iye tó fi lọ sílẹ̀, pọ̀, 2.720, ìyàtọ̀ ẹ̀ −0.104. O yọ RL àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìgbẹ̀yìn, −0.104 náà ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara mu, inú ẹ sì dùn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí ìyẹn ń sọ ni pé o mọ ìròpọ̀ àti ìyọkúrò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà kan náà lo fi ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí nọ́ńbà yẹn bá ti wọ́ láti orí pápá, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ wọ́ síbì kan náà ni. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Check yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ẹlẹ́rìí kejì ni benchmark tó o padà sí, òun ló sì ti pariwo pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́rìí kẹta ló máa sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Kọ́kọ́ wo nọ́ńbà yẹn fúnra ẹ̀. 0.104. Tí misclosure, ìyẹn ìyàtọ̀ tó o bá nígbà tó o padà sórí benchmark, bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó pé rekete báyìí, 0.100, 1.000, 0.010, máa fura sí kíkà, má fura sí ẹ̀rọ. Wo ojú staff dáadáa: lẹ́tà E kọ̀ọ̀kan gba sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, àpótí dúdú tàbí pupa kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, mìlímítà lo máa ń fi ojú díwọ̀n nínú àpótí yẹn, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀ sì ń fò ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹni tó ń wo ẹ̀rọ máa ń gbájú mọ́ mìlímítà, ojú ẹ̀ á wà lórí àpótí kékeré yẹn, á fara balẹ̀ kà á, 65, ó pé, àmọ́ nígbà tó bá gbé ojú wá nọ́ńbà ńlá tó yẹ kó fi síwájú, á mú èyí tó wà lókè dípò èyí tó wà nísàlẹ̀. Mìlímítà ẹ̀ dáa, sẹ̀ǹtímítà ẹ̀ dáa, mítà ẹ̀ dáa, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ló sọnù. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ń ṣe é tó bá ti rẹ̀ wọ́n. Nítorí náà 0.104 yìí, mo kà á sí 0.100 tó jẹ́ àṣìkà, pẹ̀lú 0.004 tó jẹ́ ti iṣẹ́ gidi.

Ibo ló wá wà? Bí nọ́ńbà tó o kà lórí staff bá ṣe ń tóbi sí i ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i, àbí? RL yín ti rẹlẹ̀ jù, nítorí náà yálà FS kan ti fi 0.100 tóbi ju bó ṣe yẹ lọ tàbí BS kan ti fi 0.100 kéré. IS ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, màá ṣàlàyé ìdí ẹ̀ níwájú. Nọ́ńbà mẹ́jọ péré ló kù tá a máa yẹ̀ wò, BS mẹ́rin, FS mẹ́rin.

Ẹlẹ́rìí kẹta tí mo sọ rèé: nínú column remarks, ẹni tó ń kọ ìwé yín, Ọlọ́run bá mi bù kún un, kọ ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo BS àti FS. Àwọn ìlà tín-ín-rín kéékèèké méjì yẹn tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ìlà àárín nínú ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí jíjìn nìkan ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀, pé kó o yọ ìsàlẹ̀ kúrò nínú òkè kó o sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, kó o mọ iye mítà tó wà láàárín ẹ̀rọ àti staff. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn wọn gan-an ni ìlà àárín wà, tó o bá ro òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ tó o pín in sí méjì, nọ́ńbà àárín ló gbọ́dọ̀ jáde, bóyá kí mìlímítà kan yẹ̀. Nínú tiyín, BM1 nígbà àkọ́kọ́: òkè 1.520, ìsàlẹ̀ 1.330, ìdajì ẹ̀ 1.425, ó pé. CP1, FS: 1.306 àti 1.114, 1.210, ó pé. CP2, FS: 0.861 àti 0.610, ìdajì ẹ̀ 0.7355, ẹ kọ 0.735, kò séwu. BM1 nígbà ìgbẹ̀yìn: 1.121 àti 0.926, 1.0235, kò séwu. Wá wo FS CP3 báyìí. Ẹ kọ 2.265 sí àárín. Òkè 2.318, ìsàlẹ̀ 2.012. Láti àárín sí òkè jẹ́ 0.053, láti àárín sí ìsàlẹ̀ jẹ́ 0.253. Kò sí ẹ̀rọ kankan láyé yìí tí ìlà ẹ̀ wà báyẹn. Ro méjèèjì pọ̀, 4.330, pín in sí méjì, 2.165.

Òun nìyẹn. 2.165 lẹ kà, 2.265 lẹ kọ, tàbí ẹni tó wo ẹ̀rọ pe 2.265 látẹnu ara ẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, méjì gbà pé 2.165, ìkan dá wà. Mo yẹ mẹ́ta tó kù wò náà, wọ́n pé, àṣìṣe míì ò sí.

Kí ni wàá wá ṣe? Má gbé báírò kó o lọ yí 2 padà sí 1 kó dà bíi pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, mo bẹ̀ ẹ́. Fieldbook kì í ṣe ìwé tó gbọ́dọ̀ rẹwà, ẹ̀rí ni, bí ẹ̀rí tí wọ́n ń mú lọ sí kóòtù, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ààlà tàbí ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ bá dé ẹ̀yìn ọdún mélòó kan, òun nìkan ló máa lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápá lọ́jọ́ yẹn. Ìlà kan ṣoṣo ni wàá fà kọjá lórí nọ́ńbà tí ò dáa, kí wọ́n ṣì lè kà á lábẹ́ ẹ̀, wàá kọ èyí tó tọ̀nà sókè ẹ̀, wàá fọwọ́ sí i pẹ̀lú déètì àti ìdí. Rọ́bà ìpàwérẹ́ ò gbọ́dọ̀ wọ àpò ẹni tó ń kọ fieldbook. Tí ìṣó tẹ́ ẹ kàn mọ́ CP2 àti CP3 bá sì ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà lọ, ẹ gbé ẹ̀rọ sáàárín méjèèjì, ẹ tún BS àti FS yẹn kà, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ̀rí ìlà òkè àti ìsàlẹ̀ lágbára, èmi gbà á, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó máa dáhùn fúnra ẹ̀, kí ló dé tá a máa fi ìṣirò dáhùn fún un?

Ẹ jẹ́ ká wá fi 2.165 reduce ẹ̀ báyìí. Rise and fall, o kàn ń fi nọ́ńbà ibi tó o wà wé nọ́ńbà ibi tó tẹ̀ lé e lábẹ́ ẹ̀rọ kan náà ni, tó bá dínkù ilẹ̀ gòkè, tó bá pọ̀ sí i ilẹ̀ lọ sílẹ̀. Láti BM1 sí A, 1.425 sí 1.870, fall 0.445, RL A di 99.555. A sí B, 1.870 sí 0.965, rise 0.905, B di 100.460. B sí CP1, fall 0.245, 100.215. Ẹ̀rọ ti ṣí báyìí, nítorí náà 1.685 ni wàá gbéra látibẹ̀, kì í ṣe 1.210, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà: 1.685 sí 2.340, fall 0.655, C di 99.560. C sí CP2, rise 1.605, 101.165. CP2 sí D, 0.890 sí 1.415, fall 0.525, 100.640. D sí CP3, 1.415 sí 2.165, fall 0.750, 99.890. CP3 sí BM1, 1.130 sí 1.024, rise 0.106, 99.996. Mìlímítà mẹ́rin ló kù.

Ṣé mìlímítà mẹ́rin yẹn dáa? Fún iṣẹ́ ìkọ́lé, ohun tí wọ́n sábà máa ń gbà ni 5√n, n ni iye ìgbà tó o gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, tiyín jẹ́ mẹ́rin, √4 jẹ́ 2, ẹ ní àyè mìlímítà 10. Èyí tí wọ́n ń fi jíjìn ṣe, 12√K, K jẹ́ kìlómítà: mo ro gbogbo jíjìn tí ìlà òkè àti ìsàlẹ̀ yín fúnni pọ̀, ó jẹ́ mítà 169.4, ìyẹn 0.1694 kìlómítà, 12√K rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 5. Ẹ yege nínú méjèèjì, iṣẹ́ yín dáa, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló fẹ́ bà yín lórúkọ jẹ́.

Mìlímítà mẹ́rin yìí lẹ lè wá pín, torí èyí gan-an ni wọ́n ṣe ń pín nǹkan, àṣìṣe kéékèèké tí ò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlé sí, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ wà nílẹ̀ ló ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, mìlímítà kan kan, àmọ́ ó ń ro lé ara ni o: àwọn tẹ́ ẹ kà nígbà àkọ́kọ́, A, B, CP1, ẹ fi 0.001 kún wọn, wọ́n di 99.556, 100.461, 100.216. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, C àti CP2, 0.002, 99.562 àti 101.167. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, D àti CP3, 0.003, 100.643 àti 99.893. BM1 gba 0.004, ó padà sí 100.000. Ẹ ṣe column míì fún un, ẹ má kọ ọ́ lé RL tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí lórí.

Mo sọ pé màá padà sórí IS, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló sì ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo levelling. Ká sọ pé A gan-an lẹ ṣì kà, pé 1.870 ló wà lórí staff tẹ́ ẹ sì kọ 1.970. Fall sí A á di 0.545, RL ẹ̀ á di 99.455, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ti wọ́. Wá wo B: 1.970 sí 0.965, rise 1.005, 99.455 + 1.005, B jẹ́ 100.460. Kò yí padà! Ohun tó jí níwájú ló dá padà lẹ́yìn. Check á bá ara mu, ẹ á padà sórí BM1 ẹ á bá 99.996, gbogbo ayé á máa kí yín, A nìkan ló máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú irọ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé páìpù omi ìdọ̀tí gbà, omi ò ní ṣàn, wọ́n á sì ti da kọnkéré bò ó kí wọ́n tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé point tó bá ṣe pàtàkì gidi, mi ò kì í kà á ní IS. Mo máa ń sọ ọ́ di change point, kó wọ inú ìlà tí benchmark ń yẹ̀ wò, tàbí kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì láti ibi tí ẹ̀rọ ti jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ò bá sáyè fún ìyẹn, ó kéré tán kí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé. Ẹ̀yin, ẹ ò kọ ìlà òkè àti ìsàlẹ̀ fún A, B, C, D. Níbẹ̀ ni mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú yín.

Èyí ló gbé wa dé ìbéèrè ẹ lórí rise and fall àti height of collimation. Height of collimation, gíga ojú ẹ̀rọ ló ń lò: 100.000 + 1.425, ojú ẹ̀rọ wà ní 101.425, gbogbo ohun tó o bá kà lábẹ́ ẹ̀ wàá kàn máa yọ ọ́ kúrò, A jẹ́ 99.555, B jẹ́ 100.460, CP1 jẹ́ 100.215. O dé CP1, o fi 1.685 kún un, ojú ẹ̀rọ tuntun jẹ́ 101.900, o tún ń yọ lọ. Ó yá gan-an, tó bá jẹ́ pé ibì kan ni ẹ̀rọ jókòó sí tó sì ń ka ogójì point káàkiri, tàbí tó o fẹ́ pààlà gíga ìpìlẹ̀ fún àwọn bíríkìlà, òun ni kó o lò, kò sẹ́ni tó ń fi rise and fall ṣe ìyẹn kí ilẹ̀ má ṣú bá a. Àmọ́ check kékeré tó wà nídìí ẹ̀, BS yọ FS, kò kan IS rárá, kódà tó o bá ṣi ìyọkúrò A ṣe, ẹnu ẹ̀ ò ní gbà á láti sọ fún ẹ. Rise and fall ń gbé gbogbo ìlà gba inú check kọjá, torí náà ìṣirò IS náà wà lábẹ́ ẹ̀. Ìṣirò ni mo wí o, kíkà ńkọ́, a ti sọ ìyẹn tán lókè.

Check wà fún IS nínú height of collimation, ó kàn gùn ni, àwọn ọmọ kì í sì í fẹ́ ṣe é. O máa fi gíga ojú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́pọ̀ iye IS àti FS tó o kà lábẹ́ ẹ̀, o ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, o yọ gbogbo IS àti FS kúrò, ohun tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ àròpọ̀ gbogbo RL láìka ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Nínú tiyín tá a ti tún ṣe: 101.425 lọ́nà 3, 101.900 lọ́nà 2, 102.055 lọ́nà 2, 101.020 lọ́nà 1, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 813.205. IS jẹ́ 6.590, FS jẹ́ 5.134, o yọ ọ́, 801.481. Ro RL mẹ́jọ yẹn pọ̀ láti A dé BM1 ìgbẹ̀yìn, 801.481. Ó ń fún mi láyọ̀ títí dòní tó bá jáde báyẹn. Èmi fún ìgbà tó o ṣì ń kọ́ṣẹ́, rise and fall ni màá ní kó o máa lò títí ọwọ́ ẹ á fi mọ ọ́n.

Nǹkan míì tí mo rí nínú ìwé yín. Nígbà kẹta, BS lórí CP2, òkè 0.950, ìsàlẹ̀ 0.830, mítà 12 ni. FS lórí CP3, 2.318 àti 2.012, mítà 30.6. Ẹ̀rọ súnmọ́ ibì kan ju èkejì lọ pẹ̀lú mítà 18.6, àwọn yòókù dọ́gba dáadáa, ó jọ pé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ wà níbẹ̀ àbí igi kan dí yín lójú. Tí ojú ẹ̀rọ bá gbé sókè díẹ̀, tí kò wò tààrà síwájú, bí jíjìn BS àti FS bá dọ́gba, àṣìṣe méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, tí wọn ò bá dọ́gba ohun tó ṣẹ́ kù á wọ inú RL. Ẹ̀rọ tó bá ń wọ́ mìlímítà kan nínú mítà 10, níbi mítà 18.6 á fún yín ní mìlímítà méjì tó ku díẹ̀, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mẹ́rin tẹ́ ẹ ní. Ẹ yẹ ẹ̀rọ yẹn wò: ẹ kan èèkàn méjì tó jìn síra ní mítà 60, ẹ gbé ẹ̀rọ sáàárín gbùngbùn, ká sọ pé ẹ kà 1.564 àti 1.252, ìyàtọ̀ gidi jẹ́ 0.312 bó ti wù kí ẹ̀rọ wọ́ tó. Ẹ wá gbé ẹ̀rọ lọ sẹ́yìn èèkàn àkọ́kọ́, mítà 3 sí i, lórí ìlà kan náà. Tẹ́ ẹ bá ka 1.480 lórí ẹ̀, 1.168 ló yẹ kẹ́ ẹ kà lórí èkejì. Tó bá jẹ́ 1.174 lẹ rí, ẹ̀rọ ń wo òkè pẹ̀lú mìlímítà 6 nínú mítà 60, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ẹlòmíì á ní torí ilẹ̀ ayé rí roboto ni, rárá, ní mítà 30 ìyẹn ò tó ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan.

Ọ̀rọ̀ lórí kíkọ ìwé náà kí n tó dákẹ́. Ẹni tó ń kọ kì í ṣe ẹni tó kàn ń gba ohun tí wọ́n pè, òun ló ni iṣẹ́ yẹn. Tí ẹni tó ń wo ẹ̀rọ bá pe "méjì, ìkan, mẹ́fà, márùn-ún", kó pè é padà fún un kó tó kọ, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe "igba ó lé kinní". Kí ẹni tó ń wò sì tún padà wo staff nígbà tó bá gbọ́ ọ, kó má kàn dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" látorí ìrántí. Nọ́ńbà mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn point ní gbogbo ìgbà, 1.130 lẹ máa kọ, ẹ má kọ 1.13, torí ẹni tó bá rí 1.13 lẹ́yìn ọdún kan ò ní mọ̀ bóyá ẹ ka mìlímítà ẹ ò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ tàbí ẹ ò tiẹ̀ kà á. Ìṣirò òkè, àárín, ìsàlẹ̀ yẹn, kó ti ṣe é nínú orí kí wọ́n tó ní kí ẹni tó di staff mú máa bọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni. Ká ní ẹni tó ń kọ ìwé yín ṣe é ní CP3, ariwo "ẹ tún un kà" ló máa pa, ìbéèrè yìí ò ní wáyé. Tẹ́ ẹ bá sì ka abẹ́ afárá tàbí abẹ́ àjà, tí ẹ gbé staff dorí kodò, ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú nọ́ńbà yẹn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá délé.

Ẹ má sì da ìwé kọ. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo máa ń kọ ọ́ sórí pépà lórí pápá, màá wá dà á sínú fieldbook lálẹ́ kó lè mọ́ nigínnigín. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo da 1.583 kọ sí 1.538, mo sì fi pépà yẹn dáná. Àwa mẹ́ta la tún iṣẹ́ odidi ọjọ́ méjì ṣe, nítorí kò sí ibi tá a lè yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ wa ni ìwé tó mọ́ tó sì ń parọ́. Ìgbà yẹn ni mo ti jáwọ́. Eruku á wà lójú ìwé, omi òjò á kán sí i, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń padà lọ fún CP2 àti CP3 yẹn, ẹ gbé ẹ̀rọ sí ibi tí jíjìn méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹni tó di staff mú máa mi ín síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, èyí tó kéré jù tẹ́ ẹ bá rí lẹ kọ. Ẹ ka D náà láti ibẹ̀, pẹ̀lú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ká wò ó bóyá gíga tẹ́ ẹ máa rí á wà nítòsí 100.643. Tó bá yẹ̀ ju mìlímítà mélòó kan lọ, ẹ padà lọ ka A, B àti C náà, kẹ́ ẹ sì fi ojú ìwé tuntun yẹn ránṣẹ́ sí mi.